Ta ló mọ iye erin tó wà nínú Igbó Ọmọ̀?

Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé inú ọ̀dàn ló ti pàdé erin tirẹ̀. Nínú igbó ẹgàn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí oòrùn ọ̀sán gan-an kì í ti í ráyè kanlẹ̀, erin lè dúró nítòsí rẹ kí o má rí ju ewé tó ń mì lọ. Mo mọ bàbá ọlọ́dẹ kan tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tó jẹ́ pé láti kékeré ló ti ń wọ igbó náà. Tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn erin, ilẹ̀ á fi ṣú kò ní í tíì tán. Ṣùgbọ́n tí o bá bi í pé ìgbà mélòó ló ti fi ojú ara rẹ̀ rí odindi erin, láti orí dé ìrù, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ìwọ̀nba ni. Ipasẹ̀ ló ń rí. Imí ló ń rí. Igi tí erin fi ara ha ló ń rí. Síbẹ̀, ilé rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń bèèrè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ ibi tí erin wà.

Ọ̀rọ̀ àjọṣe yìí ló ti ń jà ràn-ìn nínú mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ìwé wo ni wọ́n ń kọ lórí ìdáàbòbò ẹranko báyìí tí kò ní gbólóhùn kan nípa ìfọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú ará ìlú? Gbogbo wọn ló ní in. Tí o bá wá lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, nígbà mìíràn kì í ju pé wọ́n gba ọ̀dọ́kùnrin méjì kan láti bá wọn ru ẹrù, tí wọ́n sì ya fọ́tò pẹ̀lú baálẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ yàtọ̀ sí ìyẹn. Mo ń wá ibi tí wọ́n ti gbà pé ọdẹ tàbí apẹja mọ nǹkan, tí wọ́n sì gbé ìmọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ti ọ̀jọ̀gbọ́n sí i. Kí wọ́n má kàn yìn ín, kí wọ́n má sì pa á tì.

Igbó Ọmọ̀ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà Oòrùn Ìjẹ̀bú, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìjọba àwọn òyìnbó amúnisìn ló fi í sábẹ́ àṣẹ ní 1925, ó sì lé ní hẹ́kítà 130,000. Ní 1977, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tó ṣe pàtàkì fún ohun abẹ̀mí lágbàáyé. Kí ẹ má rò pé igbó tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ni o. Wọ́n ti gé púpọ̀ níbẹ̀ lulẹ̀, wọ́n fi igi gmelina rọ́pò rẹ̀ fún ìwé ṣíṣe àti pákó. Kòkó wà níbẹ̀, abà wà níbẹ̀, ìlú wà níbẹ̀. J4 tí àwọn ènìyàn ń pe ibùdó kan, láti inú bí àwọn fọ́rẹ́sítì ṣe pín ilẹ̀ náà sí ìpele-ìpele lórí máàpù ni orúkọ náà ti wá. Àárín gbogbo èyí ni àwọn erin tó kù fi ara pamọ́ sí.

Erin tibẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí ẹ ń rí nínú fíìmù orí tẹlifíṣọ̀n. Erin inú igbó ẹgàn kéré sí ti ọ̀dàn, etí rẹ̀ rí roboto, eyín rẹ̀ sì tọ́ lọ sílẹ̀ gbọnrangandan dípò kó tẹ̀ síwájú. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń ka méjèèjì mọ́ra wọn. Oṣù Kẹta ọdún 2021 ni àjọ IUCN, tó máa ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun sílẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ya wọ́n sọ́tọ̀, ó sì ní iye erin inú igbó ti dín kù ní ohun tó ju 86 nínú 100 lọ láàárín ọdún 31. Wọ́n ń pa á nítorí eyín, wọ́n sì ń gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í yára bí. Andrea Turkalo, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó lo ohun tó ju ogún ọdún lọ ní Dzanga ní Central African Republic, tó ń wo erin lójoojúmọ́ débi pé ó mọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lójú, rí i pé abo erin igbó máa ń tó nǹkan bí ọmọ ọdún 23 kó tó bí àkọ́bí. Ó máa ń gbé oyún fún oṣù 22. Ìyàtọ̀ àárín ọmọ kan sí èkejì sì jẹ́ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹran tó ń bí báyìí, tí ìbọn bá ti ń ká a mọ́lẹ̀, kò sí bí yóò ṣe tètè gbérí.

Kí ni erin ń ṣe fún wa tí a fi ní láti dààmú nípa rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹwà sílẹ̀. Èso òro ni kí ẹ wò, èyí tí a ń fọ́ kóró rẹ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀ ààpọ̀n. Erin fẹ́ràn èso náà. Á gbé e mì tòun ti kóró, á rìn lọ jìnnà, á sì yà á sílẹ̀ níbòmíràn tòun ti ajílẹ̀. Igi mìíràn wà nínú igbó Áfíríkà tí kóró rẹ̀ tóbi débi pé kò sí ẹran mìíràn tó lè gbé e mì. Nígbà tí erin bá tán, irú àwọn igi bẹ́ẹ̀ yóò máa hù lábẹ́ ìyá wọn nìkan, wọn yóò sì máa kú níbẹ̀.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ka ohun tí wọn kò lè rí? Imí ni wọ́n ń kà. Wọ́n á la ọ̀nà tóóró kan tó gún régé sínú igbó, wọ́n á máa rìn ín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á kọ gbogbo imí erin tí wọ́n bá rí sílẹ̀, àti bó ṣe jìnnà sí ojú ọ̀nà tó. Erin máa ń yàgbẹ́ tó ìgbà 17 sí 20 lójúmọ́. Tí o bá mọ iye imí tó wà nílẹ̀, tí o sì mọ iye ọjọ́ tí imí kan ń lò kó tó pòórá, o lè ṣírò iye erin tó yà á. Ó dùn-ún gbọ́ létí. Ibi tí wàhálà wà ni ọ̀rọ̀ iye ọjọ́ yẹn. Òjò lè fọ imí kan lọ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè wà nílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Bí ìṣirò ọjọ́ bá wọ́, iye erin náà á wọ́.

Níbí ni mo ti rí ohun tó mú mi kọ àròkọ yìí. Mo bá wọn wọ igbó ní ọjọ́ kan: bàbá ọlọ́dẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó ń ṣe ìwádìí fún oyè rẹ̀, àti ọmọkùnrin kan tó ń fi àdá la ọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé GPS, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ènìyàn wà, kọ́rùn, ó mú téèpù àti ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Ìwé náà ní ìpele tí wọ́n ń pín imí sí, láti A tó ṣì tutù, títí dé E tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilẹ̀. A kan imí kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó kọ C.

Bàbá kò bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀. Ó fi igi tó mú lọ́wọ́ gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sókè.

"Ọ̀mọ̀wé, o ti kọ ọ́ tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. C ni."

"Ó dáa. Ìgbà wo ló yà á?"

"Ìyẹn ni n kò lè sọ, sà."

"Ṣáájú òjò ìjẹta ni. Wò ó, òjò ti lu orí rẹ̀, ẹrẹ̀ ti ta sí i lára. Ṣùgbọ́n ewé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Yímíyímí ló tú u ká, ìyẹn ló mú kó dàgbà lójú rẹ."

Lóòótọ́, ihò yímíyímí pọ̀ lára rẹ̀ bí ojú asẹ́, díẹ̀ nínú àwọn kòkòrò náà sì ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń yí ẹrù wọn lọ. Kóró òro méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n mọ́ tónítóní bí ẹni pé ẹnì kan fọ̀ wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò jiyàn, kò sì kàn gbà. Ó mú rìbọ́ǹnù pupa kan jáde, ó so ó mọ́ igi tó wà nítòsí, ó kọ ohun tí Bàbá sọ sí ẹ̀gbẹ́ C rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo èyí tí wọ́n bá rí. Bàbá á sọ tirẹ̀, òun á sọ tirẹ̀. Ó tún wá àwọn imí tútù tí ó mọ ọjọ́ wọn, ó ń padà lọ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹrà.

Nígbà tó kó o jọ, ó sọ fún mi pé fún imí tí kò tíì pẹ́, Bàbá ló sún mọ́ òótọ́ jù. Ìpele inú ìwé náà kò tó o rárá. Ṣùgbọ́n fún èyí tó bá ti lé ní oṣù kan, Bàbá ń méfò bíi tiwa tí a kò mọ nǹkan ni. Mo fẹ́ràn àbọ̀ yìí gan-an, ọ̀nà méjèèjì ló sì ń dùn mọ́ mi. Tó bá jẹ́ pé wọ́n wá sọ fún mi pé ọdẹ mọ ohun gbogbo, n kò ní í gbà wọ́n gbọ́. Bàbá gan-an, nígbà tí a sọ fún un, ohun tó ní ni pé, "Imí oṣù kan! Kí ni ọdẹ fẹ́ fi ṣe? Erin náà ti dé Oǹdó." Ìdáhùn rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Ohun tí ìmọ̀ kan wúlò fún ni ìmọ̀ náà máa ń mú ṣánṣán. Ọdẹ ń tọ ẹran tó ṣì lè bá ni.

Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ṣe pẹ̀lú rìbọ́ǹnù pupa, wọ́n ti ṣe èyí tó tóbi jù ú lọ lókè òkun. Ní Brazil, nínú odò Amazon àti àwọn adágún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní pirarucu. Ó lè gùn tó mítà mẹ́ta, kó sì wọ̀n tó 200 kìlógíráàmù. Wọ́n pa á débi pé Ìpínlẹ̀ Amazonas fòfin de pípa rẹ̀ ní 1996. Ohun àrà tó wà lára ẹja yìí ni pé kò lè gbé ìsàlẹ̀ omi lọ títí. Láàárín ìṣẹ́jú bíi márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó gbọ́dọ̀ yọ sókè wá mí. Ìgbà tó bá yọ náà ni apẹja máa ń fi ọ̀kọ̀ gún un. Àwọn apẹja tó mọṣẹ́ níbẹ̀ kì í kàn rí i pé ẹja kan yọ. Láti inú ìró rẹ̀ àti bí omi ṣe pín, wọ́n lè sọ bó ṣe tóbi tó, wọ́n sì lè mọ̀ bóyá ẹni tó yọ lẹ́ẹ̀kan náà ló tún yọ.

Ní ibi ìpamọ́ Mamirauá, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Leandro Castello rò ó pé, bí ojú wọn bá mú tó bẹ́ẹ̀, ṣé wọn kò lè ka ẹja náà? Àwọn àti òun jọ ṣe ètò rẹ̀: apẹja kọ̀ọ̀kan á gba apá kan lára adágún, á dákẹ́ sínú ọkọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, á ka èyí tó bá yọ, ọmọdé lọ́tọ̀, àgbà tó bá lé ní mítà kan àbọ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dán an wò. Wọ́n fi iye tí àwọn apẹja kà wé èyí tí wọ́n rí nípa ọ̀nà mìíràn tó náni lówó àti àsìkò púpọ̀. Wọ́n bára mu gidigidi. Láti 1999, iye tí àwọn apẹja bá kà ni wọ́n fi ń gba àṣẹ iye tí wọ́n lè pa lọ́dún náà: kì í kọjá 30 nínú 100 àgbà ẹja. Ìyókù gbọ́dọ̀ wà nínú omi.

Ẹ jẹ́ ká ronú sí i. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀tá ẹja tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé kíkà rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ẹnì kan lè ní ṣé wọn kò ní í parọ́ ni, kí wọ́n lè pa púpọ̀? Ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá purọ́ lónìí, adágún tirẹ̀ ni yóò ṣófo lọ́dún tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣọ́ adágún pẹ̀lú rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀. Ẹja náà pọ̀ sí i ní ìlọ́po-ìlọ́po láàárín ọdún díẹ̀ ní Mamirauá. Nígbà tó yá, lẹ́bàá odò Juruá nínú Amazon kan náà, João Campos-Silva àti Carlos Peres fi àwọn adágún tí ará ìlú ń ṣọ́ wé àwọn tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 ni pé pirarucu inú àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ tó ìlọ́po ọgbọ̀n ti inú èkejì.

Mo máa ń ronú pé tí ẹnì kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwa náà ní irú ojú bẹ́ẹ̀, kó lọ jókòó ti àwọn tó ń sun ìjálá. Nínú oríkì ẹran tí wọ́n ń sun, ẹ ó gbọ́ bí ẹran kan ṣe ń rìn, ohun tó ń jẹ, ìgbà tó ń jáde, àwọ̀ ìdí rẹ̀, bó ṣe ń ṣe tó bá gbóòórùn ènìyàn. Orin ni lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ àsọdùn àti àwàdà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá wo ẹran dáadáa kò lè kì í. (Ó ń bí mi nínú pé àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìjálá ní ẹ̀ka èdè Yorùbá àti àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹranko igbó lè wà nínú yunifásítì kan náà kí wọ́n má mọ ilé ara wọn.)

Ìgbà mìíràn, ohun tí ọdẹ ní kò ju kí ẹnì kan wá bi í léèrè. Ẹ wo ọ̀rọ̀ akíka. Òun ni ẹran tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òkun kó ìpẹ́ rẹ̀ jáde láti Nàìjíríà lọ sí Éṣíà, tí àwọn aṣọ́bodè sì ń gbá a mú tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù. Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́ pé nítorí ìpẹ́ ni wọ́n ṣe ń pa á. Charles Emogor, ọmọ Nàìjíríà tó ṣe ìwádìí rẹ̀ láti Yunifásítì Cambridge, lọ bá àwọn ọdẹ àti àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ní agbègbè Cross River, ó ju 800 ènìyàn lọ tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 2025: nínú akíka 100 tí wọ́n pa, nǹkan bí 98 ló jẹ́ pé ẹran rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ó dùn ni. Púpọ̀ nínú wọn ni ọdẹ kàn ṣèèṣì bá pàdé níbi tó ti ń wá ẹran mìíràn. Ìpẹ́ ńkọ́? Nínú 100, tó 70 ni wọ́n dà nù.

Ìdáhùn yìí yí ọ̀nà tí ènìyàn ó gbà padà. Tó bá jẹ́ ìpẹ́ nìkan ni, aṣọ́bodè ló máa yanjú rẹ̀. Nígbà tó ti di ọ̀rọ̀ ẹran inú ìkòkò, ọ̀rọ̀ di ti ohun tí ìdílé máa jẹ, ti owó tí obìnrin tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lọ́jà máa pa, ti àdéhùn láàárín àwọn ọdẹ fúnra wọn. N kò sọ pé kí aṣọ́bodè lọ sùn o.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ erin, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń gbóná jù. Ẹni tó wà ní Èkó tàbí ní London lè fẹ́ràn erin láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kò ná an ní kọ́bọ̀. Àgbẹ̀ tó sùn tó jí tó bá oko gbágùúdá àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní ìtẹ̀mọ́lẹ̀, owó ilé-ìwé ọmọ ló lọ yẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí o bá lọ bá a pé kó wá bá ọ dáàbò bo erin, á wo ọ́ títí. Mo sì rò pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ní Kenya, ará ìlú ló ṣí àwọn onímọ̀ lójú lórí èyí. Àwọn ènìyàn agbègbè Laikipia ló sọ pé igi tí wọ́n bá gbé ilé oyin kọ́, erin kì í sún mọ́ ọn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dán an wò, Lucy King sì wá sọ ọ́ di ọgbà: wọ́n á fi wáyà so ilé oyin mọ́ra wọn yí oko ká, tí erin bá fara kan wáyà, gbogbo ilé oyin á mì, oyin á tú jáde. Ìbọn kọ́, oró kọ́. Ní abúlé àwọn ará Sagalla lẹ́bàá igbó Tsavo, wọ́n ṣọ́ ọ fún ọdún púpọ̀, èyí tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2024 ni pé lásìkò tí ohun ọ̀gbìn bá dára jù, ọgbà náà ń dá erin tó tó 86 nínú 100 padà. Àgbẹ̀ sì ń fa oyin tà. Wọn kò fi èyí tí kò dára pamọ́: nígbà tí ọ̀dá mú ní 2017, oyin fi ilé wọn sílẹ̀, oyin fífà sì dín kù fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Bóyá yóò ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rinrin igbó Ìjẹ̀bú, àfi kí ẹnì kan àti àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ jọ dán an wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tó ń kọ ìwé ìdáàbòbò máa ń fò dá. Ta ni ará ìlú? Wọ́n ń pè é bí ẹni pé ènìyàn kan ṣoṣo ni. Ní ẹ̀gbẹ́ Igbó Ọmọ̀, ọdẹ wà, ó sì ní ohun tó ń fẹ́. Àgbẹ̀ oníkòkó wà, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ibòmíràn ni bàbá wọn ti wá, tí wọn kò sì ní ẹnu lọ́dọ̀ baálẹ̀. Agégẹdú wà, tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ tàbí tó ní in lẹ́nu. Àwọn ìyá tó ń já ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, tí wọ́n ń ṣa ìgbín lásìkò òjò, wọ́n mọ etí igbó yẹn bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, síbẹ̀ mi ò tíì rí ìpàdé kan tí wọ́n ti gbé àga fún wọn. Tí wọ́n bá ní ará ìlú ti fọwọ́ sí i, mo máa ń fẹ́ bèèrè pé èwo nínú wọn?

Mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu àgbẹ̀ kan pé, "Èmi tí mo gbin kòkó ni ọ̀tá igbó. Ẹni tó fi katapílà wọ́ gẹdú jáde ńkọ́?" N kò rí ìdáhùn fún un. Bí ìjọba bá ń fi ọwọ́ kan ta igi, kò lè fi ọwọ́ kejì na àgbẹ̀ kó wá retí pé kí àgbẹ̀ náà ta òun lólobó nígbà tí apẹrin bá dé.

Ohun tó ń lọ dáadáa wà ṣá o. Láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó tó ń ṣọ́ erin ní Ọmọ̀ ni àwọn tó ti jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀ wà. Rachel Ikemeh, tó gba ẹ̀bùn Whitley ní 2020 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn ìnàkí tó kù ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, inú àwọn ìlú tó yí igbó ká ni òun náà ti ń gba àwọn tó ń ṣọ́ igbó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀ṣọ́ ṣì ni wọ́n. Mo fẹ́ kí wọ́n jẹ́ ẹni tó ń kà, kí iye tí wọ́n bá kà sì ní ohun tí yóò yí padà, bíi ti àwọn apẹja Mamirauá.

Àwọn ọdẹ abúlé bàbá ọlọ́dẹ tí mo ń sọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún un. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn padà wá lọ́dún kejì pé òun ń wá àwọn tó máa bá òun wọ igbó, ìpàdé ọdẹ ni wọ́n ní kó wá. Olúọ́dẹ kí i dáadáa, ó bi í pé ọ̀nà ńkọ́, ó bi í pé àwọn òbí ńkọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Èyí tí ẹ kà lọ́dún tó kọjá, mélòó ló jẹ́?" Ọmọkùnrin náà kò mọ ohun tí yóò sọ. Iye náà wà nínú ìwé tó kọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. "Tó o bá ti mú u dé," Olúọ́dẹ ní, "a ó lọ."

Ó padà lọ, ó sì mú u dé. Ó tẹ máàpù ńlá kan sórí tábìlì, ó fi Yorùbá ka gbogbo rẹ̀ fún wọn: ibi tí imí ti pọ̀, ibi tí kò ti sí, iye tó rò pé erin tó wà níbẹ̀ jẹ́ àti ìdí tí kò fi lè sọ iye kan pàtó. Wọn kò jẹ́ kó parí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Odò kan wà tó pe orúkọ rẹ̀ mọ́ odò mìíràn. Ohun tó fi ìlà sí pé ó jẹ́ ọ̀nà erin, ojú ọ̀nà katapílà àtijọ́ ni, erin kàn ń gba ibẹ̀ nítorí pé ó ti là ni. Èyí tó kẹ́yìn ló gba àkókò jù. Ó fi àmì sí ibi tí erin ti ń mu omi lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kan nínú wọn sì bi í pé ta ni yóò rí máàpù yìí. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ka ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wo ara wọn lójú. Wọ́n ní kó yọ àmì náà kúrò, ó sì yọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó jókòó ti ọ̀rọ̀ owó ojúmọ́ àwọn tó máa bá a wọ igbó, àríyànjiyàn tìyẹn sì le ju ti máàpù lọ.